Ọwọ́ Lásán Àbí Tẹ́ńpílétì: Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Yan Ohun Tẹ́ Ẹ Máa Fi Gbẹ́ Sáìnbọ́ọ̀dù Onígi Nílé

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé "ráútà wo ni kí n rà?", ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí bíìtì (ẹnu irin tó ń gbẹ́ igi). Mo máa ń sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó kẹ́yìn. Ẹni tó máa ka sáìnbọ́ọ̀dù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, níbo ló máa dúró sí tó bá ń kà á, torí ibi tó dúró sí ló máa sọ bí lẹ́tà ṣe máa ga tó, gíga lẹ́tà ló máa sọ bí ìlà rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó, ìlà yẹn ló máa sọ bíìtì, bíìtì ló wá máa sọ ráútà. Tẹ́ ẹ bá ti ìdí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa pàṣẹ fún iṣẹ́ yín. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn fún bí ọdún kan, gbogbo lẹ́tà mi rí tín-ín-rín bí òwú torí bíìtì kan ṣoṣo tó bá ẹ̀rọ wá ni mo ń lò.

Àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù ní ìṣirò kan tí mi ò fi ṣeré rárá: tí èèyàn bá máa kà á láti 3 mítà, kí lẹ́tà ga tó 25 mm, tó bá jẹ́ 6 mítà kó di 50 mm, 12 mítà kó di 100 mm, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè rí i kà láti ibi tó jìn ju ìyẹn lọ o, àmọ́ wọ́n á máa fún ojú pọ̀ ni. Ìlà lẹ́tà fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà láàárín ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú méje gíga ẹ̀, ìyẹn ni pé lẹ́tà tó ga ní 100 mm, ìlà ẹ̀ máa fẹ̀ tó bíi 15 sí 20 mm. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú 18 mm sọ́kàn fún lẹ́tà yẹn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ọwọ́ lásán tàbí tẹ́ńpílétì

Ọwọ́ lásán ni pé kẹ́ ẹ ya lẹ́tà sórí pákó, kẹ́ ẹ di ráútà mú, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé ohun tẹ́ ẹ yà, kò sí nǹkan kan tó ń darí bíìtì àfi ọwọ́ àti ojú yín. Tẹ́ńpílétì ní tiẹ̀, ẹ ti kọ́kọ́ gé ihò lẹ́tà yẹn sára pílàíwúùdù tàbí MDF (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi lẹ̀ pọ̀ ṣe) tó nípọn tó 6 mm, búúṣì, ìyẹn òrùka tó yí bíìtì ká lábẹ́ ráútà, á máa fara gbá etí ihò yẹn lọ, bíìtì ò ní lè yà bàrá.

Lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́ńpílétì ló rọrùn, torí lẹ́tà máa ń jáde gún régé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tó wà nínú ṣíṣe tẹ́ńpílétì fúnra ẹ̀ kì í hàn sójú. Bíìtì kéré ju búúṣì lọ, nítorí náà ihò yẹn gbọ́dọ̀ tóbi ju lẹ́tà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ iye tẹ́ ẹ máa fi kún un nìyí: ẹ mú fífẹ̀ bíìtì kúrò nínú fífẹ̀ búúṣì, kẹ́ ẹ pín in sí méjì. Búúṣì 16 mm, bíìtì 6 mm, ó ku 10, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 5 mm, ẹ gbọ́dọ̀ fi 5 mm kún ihò yẹn yípo. Mo ti gé tẹ́ńpílétì odindi orúkọ kan rí láìrántí ìṣirò yìí, gbogbo lẹ́tà tó jáde fi 10 mm tín-ín-rín ju ohun tí mo yà lọ, n ò rí nǹkan kan ṣe sí i àfi kí n gé òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún ronú nípa O àti A àti D. Àárín wọn ò ní ibi tó máa dì mú, tẹ́ ẹ bá ti gé ihò yípo báyìí ó já bọ́ nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ fi afárá kékeré méjì sílẹ̀ tó máa so ó pọ̀ mọ́ ara tẹ́ńpílétì, kẹ́ ẹ wá padà fọwọ́ gbẹ́ ibi tí afárá yẹn bò tẹ́ ẹ bá ti gbé tẹ́ńpílétì kúrò. Tẹ́ńpílétì yẹn náà sì nílò ọwọ́ lásán nìyẹn o.

Ibi tí tẹ́ńpílétì ti borí, tó sì borí pátápátá, ni ibi tí nǹkan kan náà máa ń wáyé léraléra: nọ́ńbà ilé láti 1 dé 40, ọfà tó ń júwe ọ̀nà, orúkọ yàrá ní ilé àlejò, ohunkóhun tẹ́ ẹ máa ṣe ju bíi mẹ́ta mẹ́rin lọ tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọra. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, orúkọ ẹnì kan, gbólóhùn kan, n ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa lo ọjọ́ méjì lórí tẹ́ńpílétì tẹ́ ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan.

Ọwọ́ lásán ń dẹ́rù ba èèyàn, mo mọ̀, ẹ̀rọ ń ké, ó ń gbọ̀n, ẹ sì ń wò ó pé tí mo bá ṣì í báyìí igi yìí ti bàjẹ́. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́ kì í ṣe pé ọwọ́ ń gbọ̀n, wọ́n kàn di ráútà mú lókè ni. Ẹ di í mú ní ìsàlẹ̀, níbi ìdí ẹ̀ gan-an, kí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì máa fara kan pákó bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ó máa yà yín lẹ́nu bó ṣe máa rọlẹ̀ tó. Ìkejì, ẹ mọ ibi tó ń fẹ́ yà sí. Tẹ́ ẹ bá wò ó látòkè, bíìtì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, torí náà tẹ́ ẹ bá ń tì í lọ síwájú, òsì yín ló máa ń fẹ́ fà sí, tẹ́ ẹ bá ń fà á bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara yín, ọ̀tún ni. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn kò ní máa bá a jà mọ́, á kàn máa fi díẹ̀ dí i lọ́wọ́ ní apá ibi tó ń lọ. Ìkẹta, ẹ má ṣe wo ẹnu bíìtì, iwájú ẹ̀ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Nípa jíjìn, ẹ má gbẹ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ kọ́kọ́ lọ ní 2 mm tàbí 3 mm, ìlà àkọ́kọ́ yẹn ló ṣòro jù, tẹ́ ẹ bá ti padà wá gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, òun fúnra ẹ̀ á máa darí bíìtì díẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo rí tí mi ò retí: lẹ́tà tó ní igun gígún bíi E, H, T, ló nira jù fún ọwọ́ lásán, kì í ṣe èyí tó ń yí. Ojú èèyàn máa ń tètè rí àṣìṣe lára ìlà tó yẹ kó gún, àmọ́ lẹ́tà tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń rọra yí, tó bá yà díẹ̀ ojú á gbà á pé bó ṣe rí nìyẹn. Torí náà tẹ́ ẹ bá máa lo ọwọ́ lásán, ẹ yan lẹ́tà tó ń yí. Tó bá sì di dandan kó jẹ́ lẹ́tà gígún, ẹ fi kíláǹpù di igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gún mọ́ pákó, kí ìdí ráútà máa tẹ̀ lé e fún àwọn ìlà gígùn, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ṣe ìyókù, ìdajì ọwọ́ lásán ìdajì tẹ́ńpílétì nìyẹn, òun ni èmi fúnra mi ń lò jù báyìí. Tí lẹ́tà bá kéré ju 25 mm lọ, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó fi ọwọ́ lásán ṣe é, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bíi 50 mm.

Fún àwa tá a ń kọ Yorùbá, ẹ tún fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, torí àmì orí àti àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ, ọ, ṣ. Àmì ìsàlẹ̀ yẹn dùn ún ṣe jù nínú gbogbo ẹ̀: ẹ kàn ti bíìtì V wọlẹ̀ tààrà kẹ́ ẹ gbé e jáde, ihò róbótó tó mọ́ tónítóní ló máa kù síbẹ̀. Èmi máa ń fi í sílẹ̀ dìgbà tí gbogbo lẹ́tà bá ti parí, kí n lè wo gbogbo wọn pa pọ̀ kí wọ́n lè wà ní ìpele kan náà.

Bíìtì wo?

Mẹ́ta lẹ máa fi wéra: bíìtì V, bíìtì olórí róbótó, àti bíìtì gbọọrọ tí ìdí ẹ̀ tẹ́jú.

Bíìtì V ló ń jẹ́ kí lẹ́tà dà bí èyí tí wọ́n fi ṣísù gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí apá kan, òjìji á bọ́ sí apá kejì, lẹ́tà á hàn kódà kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà kàn án. Ó tún ní ẹ̀bùn kan tí àwọn yòókù ò ní, bẹ́ ẹ bá ṣe tì í wọlẹ̀ tó ni ìlà ṣe máa fẹ̀ tó. Tó bá jẹ́ V oní 90 dìgírì, ìlà á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì jíjìn ẹ̀: ẹ wọlẹ̀ 6 mm, ìlà á fẹ̀ 12 mm. Tó bá jẹ́ 60 dìgírì, 12 mm yẹn kan náà á ní kẹ́ ẹ wọlẹ̀ tó bíi 10.4 mm.

Ẹ wá rántí lẹ́tà 100 mm wa tí ìlà ẹ̀ jẹ́ 18 mm. Lórí pákó tó nípọn 20 mm, V oní 90 dìgírì á wọlẹ̀ 9 mm, kò burú. Oní 60 dìgírì á wọlẹ̀ tó 15.6 mm, ó ku díẹ̀ kó yọ sẹ́yìn! Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé 60 dìgírì fún lẹ́tà kékeré tó ní ìlà tín-ín-rín, ó máa jinlẹ̀, òjìji ẹ̀ á ṣú dáadáa, 90 dìgírì fún lẹ́tà tó tóbi. Kẹ́ ẹ sì tún wò ó pé bíìtì V tó fẹ̀ 12.7 mm kò lè gbẹ́ ìlà 18 mm lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í gba etí kan, ẹ padà gba etí kejì.

Àléébù V ni pé kò fojú fo àṣìṣe rárá. Tí ìdí ráútà bá gbé sókè díẹ̀, tàbí tí pákó bá tẹ̀ láàárín, ìlà náà á fẹ̀ níbì kan á tín-ín-rín níbòmíì, torí jíjìn ló ń sọ fífẹ̀. Torí ẹ̀ pákó gbọ́dọ̀ tẹ́jú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Olórí róbótó kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti wọlẹ̀ tó ìdajì fífẹ̀ ẹ̀, ìlà kò ní fẹ̀ sí i mọ́, bẹ́ ẹ bá jìn jù díẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kò ní igun mímú bíi ti V, lẹ́tà á rọra wò bí èyí tí wọ́n fi ìka tẹ̀ sínú amọ̀, ó dáa gan-an fún sáìnbọ́ọ̀dù ọgbà àti ibi ìṣeré ọmọdé. Tẹ́ ẹ bá bi mí, òun ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọwọ́, kẹ́ ẹ wá lọ sórí V.

Gbọọrọ tó tẹ́jú nídìí, lẹ́tà ńlá ló wà fún, àti tẹ́ńpílétì, àti yíyọ ilẹ̀, ìyẹn igi tó yí lẹ́tà ká, kúrò. Ìyẹn ti tó nípa tiẹ̀.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, kí ẹnu ẹ̀ jẹ́ carbide, ohun líle tí kì í tètè kú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í sínú ráútà, ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, ẹ tì í wọlé dé ìdí, kẹ́ ẹ fà á padà sẹ́yìn bíi 2 mm kẹ́ ẹ tó fún un. Tí bíìtì bá ń jó igi, ó lè jẹ́ pé ẹ ń rọra lọ jù, ó sì lè jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ ti kú.

Ráútà kékeré tàbí ńlá

Ní báyìí tẹ́ ẹ ti mọ lẹ́tà àti bíìtì, ráútà ò ṣòro mọ́. Èyí kékeré, tí wọ́n ń pè ní tírímà, kì í sábà wúwo ju 2 kg lọ, ọwọ́ kan lè di í mú, ojú ríran ibi tí bíìtì wà, òun ló dáa jù fún ọwọ́ lásán. Ẹnu ẹ̀ ń gba bíìtì tí ọ̀pá ẹ̀ jẹ́ 6 mm tàbí 6.35 mm, 8 mm nínú àwọn míì. Èyí ńlá tó ń rì wọlẹ̀ lórí sípíríǹgì lè wúwo tó 4 kg sí 6 kg, ó ń gba ọ̀pá 12 mm tàbí 12.7 mm, kò ní mí hẹlẹ tẹ́ ẹ bá fi bíìtì fífẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹ sì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sáàárín lẹ́tà tààrà kẹ́ ẹ sì gbé e jáde ní tààrà.

Ìlà tó fẹ̀ dé 12 mm, tírímà ti tó. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ilẹ̀ púpọ̀, ẹ mú ńlá. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú sípíìdì: ọ̀pọ̀ tírímà lè yí tó ìgbà 30,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bíìtì tó bá fẹ̀ ju 25 mm lọ kò gbọ́dọ̀ sáré bẹ́ẹ̀ láéláé, ẹ dín in kù sí bíi 18,000 tàbí kó kéré sí i, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí bíìtì náà. Tẹ́ ẹ bá ní àǹfààní àtira ẹyọ kan ṣoṣo, tírímà tó ní ìdí méjì, èyí tó dúró gbọin àti èyí tó ń rì wọlẹ̀, ni mo máa mú.

Lẹ́tà tó wọnú, lẹ́tà tó yọ síta

Lẹ́tà tó wọnú yá, kò gba igi púpọ̀, àṣìṣe kan ò lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ torí ẹ lè fẹ ìlà yẹn díẹ̀. Lẹ́tà tó yọ síta, ilẹ̀ tó yí i ká lẹ ń gbẹ́ kúrò, iṣẹ́ ẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́ta mẹ́rin, tí bíìtì bá sì jẹ lẹ́tà lára kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dá a padà. Àmọ́ láti ọ̀nà jíjìn kò sí èyí tó hàn tó o, ó sì rọrùn láti kùn: ẹ kàn fi rólà kékeré onífóòmù yí ọ̀dà gba orí ẹ̀, ó parí. Tẹ́ ẹ bá yan èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín pákó kẹ́ ẹ máa bọ̀ sẹ́tí, kẹ́ ẹ fi etí pákó sílẹ̀ bíi férémù, torí tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ lọ ráútà ò ní rí ibi fìdí lé mọ́, ó máa dà sínú ihò. Inú mi bà jẹ́ gan-an lọ́jọ́ tí èyí kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí mi, lórí igi tí mo ti tọ́jú pẹ́.

Igi

MDF kò ní ìlà ara, bíìtì ń lọ geere nínú ẹ̀, ó dáa fún kíkọ́ṣẹ́ àti fún inú ilé tẹ́ ẹ bá máa kùn ún. Tí omi bá kàn án ó máa wú, kò lè dé ìta. Páìnì wọ́pọ̀ ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìlà ara ẹ̀ le níbì kan ó rọ̀ níbòmíì, bíìtì á máa fẹ́ yọ́ lọ síbi tó rọ̀, ọwọ́ lásán ò rọrùn lórí ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbé. Kókó ara ẹ̀ tún máa ń ju bíìtì nù. Sídà rọ̀, kì í tètè jẹrà, ó bá ìta mu, ó kàn tètè máa ń ya létí ni. Àfàrà mọ́, ó rọrùn láti gbẹ́, inú ilé ni tiẹ̀. Ọ̀gànwó rẹwà, àmọ́ ìlà ara ẹ̀ máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ra, ẹ lè rí i kó máa fa yọ, ẹ gbẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́.

Ìrókò ni ọ̀gá fún ìta nínú èyí tí mo ti lò, ikán ò rí i jẹ, ìjẹrà ò tètè mú un. Àmọ́ eruku ẹ̀ ń ta èèyàn nímú àti lára gan-an, nígbà míì sì rèé ẹ máa bá ohun líle bí òkúta nínú ẹ̀ tó máa pa ẹnu bíìtì. Ti eruku yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó lórí igi èyíkéyìí: láti 1995 ni àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, ti imú ní pàtàkì. Ìbòmú aṣọ lásán ò tó, FFP2 tàbí N95 ni, kẹ́ ẹ fi nǹkan dí etí náà, torí ariwo ráútà sábà máa ń kọjá 85 dB tí wọ́n ní ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ba etí jẹ́, ẹ má sì gbàgbé gọ́gùlù tó ń bo ojú.

Ọ̀dà: kẹ́ ẹ kùn ún kẹ́ ẹ tó họ ọ́, àbí lẹ́yìn ẹ̀?

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù: ẹ gbẹ́ lẹ́tà, ẹ fi sanding sealer tàbí shellac (ohun tó ń dí ojú igi kí ọ̀dà má bàa wọ̀ ọ́) pa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ da ọ̀dà sínú lẹ́tà láìbìkítà bó bá ta sórí pákó, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi sáńpépà 120 họ ojú pákó, kẹ́ ẹ fi 180 tẹ̀ lé e. Ohun tó wà nínú lẹ́tà á kù síbẹ̀, ojú pákó á mọ́ fónífóní. Tẹ́ ẹ bá fo sealer yẹn, ọ̀dà á sá wọ ìlà ara igi, etí lẹ́tà á dà bíi pé ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lè họ ọ́ títí kò ní lọ. Èyí kejì ni pé kẹ́ ẹ lẹ fílìmù alálẹ̀mọ́ mọ́ gbogbo ojú pákó ṣáájú, kẹ́ ẹ gbẹ́ la àárín ẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ kùn, kẹ́ ẹ ṣí i kúrò. Ó yá ju tàkọ́kọ́ lọ, òun ló sì dáa fún pákó tí ojú ẹ̀ ò gba híhọ mọ́. Kíkùn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti mọ́, àfi ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ balẹ̀ gan-an.

Inú ilé tàbí ìta

Inú ilé, polyurethane (irú fáníìṣì kan) èyíkéyìí tó mọ́ gaara á ṣe é. Ìta ló lọ́rọ̀ nínú, torí òòrùn ló ń ba igi jẹ́ kí òjò tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Spar varnish, ìyẹn fáníìṣì ìta, máa ń rọ̀ tẹ̀ lé igi bó ṣe ń wú tó sì ń sún kì, ó sì ní ohun tó ń dí òòrùn lọ́wọ́, ẹwà igi á hàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ẹ gbọ́dọ̀ họ gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un kùn. Òróró ìta kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣí, ẹ kàn nu ìdọ̀tí kúrò kẹ́ ẹ fi òmíràn pa á. Ọ̀dà tó bo igi pátápátá ló ń dáàbò bò ó jù, torí òòrùn kò rí ibi gbà dé ara igi. Tí sáìnbọ́ọ̀dù bá máa wà lókè níbi tó ṣòro láti dé, ọ̀dà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹwà ìlà igi tàn yín. Tó bá wà níbi tí ọwọ́ ń tó, òróró ni tèmi. Àkísà tẹ́ ẹ bá fi pa òróró ẹ má ká a jọ sígun o, òróró linseed máa ń mú ooru wá fúnra ẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ó lè gbiná, ẹ tẹ́ ẹ síta lẹ́yọ lẹ́yọ títí á fi gan.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ lò ó ní ìlọ́po méjì ní orí àti ìdí pákó, níbi tí ayùn ti gé e, torí ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi jù. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e kọ́, ẹ fi wọ́ṣà sí ẹ̀yìn ẹ̀ kó má lẹ̀ mọ́ ògiri, kí atẹ́gùn lè máa kọjá lẹ́yìn ẹ̀.